Ẹ̀rọ Tó Ń Fi Omi Tanná

Nígbà tí Ọ̀gá Dákẹ́ dé Ilé Iná láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti gbé Bàbá Ọlọ́dẹ, tó ti ń ṣọ́ ilé náà láti ọjọ́ pípẹ́, lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kò tíì gbẹ. Ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú ń dúró dè wà lórí pèpéle, ó ti rún wómúwómú. Ọ̀pá irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Ọ̀gá Dákẹ́. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti kékeré, nítorí pé ó lè jókòó ti ènìyàn títí láì la ẹnu. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Kò kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà. Òrùlé ló gbójú sí.

Ó ti pẹ́ tó ti wọ gbọ̀ngán yìí kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n ti ilé náà pa. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ló tò síbí, tí wọ́n ń kùn tọ̀sán-tòru, tí ìlú ń rí iná lò. Fèrè Ilé Iná ló ń jí ọmọ iléèwé. Fèrè náà ló ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé pé ọkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Kò sí ọṣẹ tí ìyá rẹ̀ kò lò tán, síbẹ̀ òórùn epo ẹ̀rọ kò kúrò lára aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ rí. Òórùn náà ṣì wà lára ògiri. Ọ̀gá Dákẹ́ fà á símú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wolẹ̀.

"Sà," ni Kọ́pùrù wí, obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. "Wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é."

"Ta ni?"

"Ìyá Olùkọ́."

Ọ̀gá Dákẹ́ yíjú sí i. "Ta ló ní kí wọ́n mú wọn?"

"Alága ni, sà. Ó pe àgọ́ wa kí ilẹ̀ tó mọ́ tán."

Alága ni olórí ìgbìmọ̀ ìlú, Ìyá Olùkọ́ sì ni ẹni tó ń bá a du ipò. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ti Ilé Iná pa, ọ̀nà jíjìn ni iná ìlú ti ń wá, ó sì ń lọ nígbà tó bá wù ú. Alága wá gbé ẹ̀rọ kan jáde, ó ní omi lásán ló ń mu. Ó gbé e kiri pápá àti ọjà. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, gílóòbù á tàn yòò, àwọn èrò á sì figbe ta. Àwọn àgbàlagbà tó rántí Ilé Iná a máa nu ojú. Alága ní tí òun bá tún wọlé, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló máa kún gbọ̀ngán náà.

Ìyá Olùkọ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní àfi kí àwọn onímọ̀ láti yunifásítì wá tú inú ẹ̀rọ náà wò ní gbangba. Òní gan-an ni wọ́n fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ó ti sọ lórí rédíò pé tí wọn kò bá ṣí i, òun á mú òòlù òun wá. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Ọ̀rọ̀ òòlù yẹn ló gbé e dé àhámọ́.

Ọ̀gá Dákẹ́ yí pèpéle náà po. Aṣọ pupa tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ wà nílẹ̀, wọ́n ti ya etí rẹ̀ kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ilẹ̀. Ìlà sìmẹ́ńtì tuntun kan lọ tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹsẹ̀ pèpéle lọ sídìí àwọn kọ́bọ́ọ̀dù irin tó tò ti ògiri. Ó tẹ̀ lé e. Àyè kékeré kan wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù méjì, ó fẹ̀gbẹ́ wọlé. Yàrá súìsì ni. Òkùnkùn ni. Ó yà sápá òsì, ó gba ẹ̀yìn ògiri kúkúrú tí ènìyàn kò lè rí láti ẹnu ọ̀nà, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì.

Súìsì ńlá àtijọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ti fà á wálẹ̀ pa. Èèkù rẹ̀ ni wọ́n so aṣọ pupa tó ya náà mọ́.

Ọ̀gá Dákẹ́ kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní kọ́tásì àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Iná, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Gíga. Ó wà lórí wáyà lọ́jọ́ kan tí ẹlòmíì gbé súìsì sókè láìmọ̀, iná sì pa á. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣòfin aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí iná ń gbà á kọ́kọ́ pa súìsì, á so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹni tó so ó nìkan ló gbọ́dọ̀ tú u. Ẹlòmíì kì í fọwọ́ kàn án, bó wù kó pẹ́ tó. Àwọn ọmọ kọ́tásì mọ òfin yìí kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Bí wọ́n bá ń ṣeré, tí ọmọ kan bá so àkísà pupa mọ́ igi, igi náà di tirẹ̀ nìyẹn.

Ó jáde sí gbọ̀ngán. "Kọ́pùrù, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Ohun tó wà níbẹ̀, má sọ ọ́."

"Kí ló wà níbẹ̀, sà?"

"O ti ń sọ ọ́."

Mànàmáná, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, wà lẹ́yìn ilé, lórí dúrọ́ọ̀mù epo tó ti dípẹtà. Òun ló rí Bàbá Ọlọ́dẹ nílẹ̀ láàárọ̀. Orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jókòó bíi ti ìgbà tí òun àti Ọ̀gá Dákẹ́ jọ ń ṣeré ní kọ́tásì, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Dákẹ́," ó ní. "O ti dàgbà."

"Ìwọ náà ò kéré mọ́."

"Ikùn rẹ ló dàgbà jù."

Ọ̀gá Dákẹ́ jókòó tì í. Wọ́n jọ wo pápá tí koríko ti bò. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí fèrè á fi dún.

"Ẹ̀rọ rẹ, ṣé omi ló ń lò lóòótọ́?"

"Mo rò pé ó máa lò ó. Ọdún gbọọrọ ni mo fi rò bẹ́ẹ̀. Ó tàn fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Dákẹ́. Fírí báyìí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Kò tún tàn mọ́."

"Èyí tí Alága fi ń han ìlú ńkọ́?"

"Bátìrì ni. Mo fi pa mọ́ sínú rẹ̀. Alága ní ká máa fi mú un lọ ná, kí ọkàn àwọn ènìyàn má baà rẹ̀wẹ̀sì, títí ojúlówó á fi jáde. Nígbà tí yunifásítì ń bọ̀, mo yọ bátìrì, mo fa wáyà láti ìdí súìsì wá sínú rẹ̀, mo fi sìmẹ́ńtì bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n máa rí i."

"Lo wá fọ́ ọ."

"N ò fọ́ ọ. Mo lọ bá Alága lálẹ́ àná. Mo ní ó ti sú mi, màá gun pèpéle, màá jẹ́wọ́. Ó ní kí n lọ sùn, pé á dáa láàárọ̀." Ó rẹ́rìn-ín kékeré. "Bó ṣe dáa nìyí."

"O dé yàrá súìsì láàárọ̀?"

"Mo débẹ̀."

"O rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹni tó bá rí aṣọ yẹn á mọ̀ pé wáyà wà nílẹ̀. Ó máa kó bá ẹ. Kí ló dé tí o ò tú u?"

Mànàmáná wò ó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ burúkú ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo so ó."

Ọ̀gá Dákẹ́ dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Má sọ ọ́ fún ẹnì kankan."

"Ta ni n bá sọ ọ́ fún? Àwọn tó máa yé ti kú tán."

"Wọn ò tíì kú tán."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ìyá Olùkọ́ jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ wá kí mi? Ẹ ò bá gbé àga dání."

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ máa mú òòlù wá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ni mo tún fi sọ pé ọmọ tó bá pẹ́ dé, màá bó o lẹ́yìn. Ẹ bi wọ́n bóyá mo na ẹnì kan rí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọ̀gá Dákẹ́. Ó gbé e mì. "Ta ló ní kí àwọn onímọ̀ wá?"

"Èmi ni! Mo pààrà ọ́fíìsì wọn títí bàtà mi fi já. Èmi ni n ó wá fọ́ ohun tí mo ní kí wọ́n wá wò?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ gbọ́. Mo mọ ohun tí Alága ń wá. Bí ẹ bá gbé mi dé kóòtù lónìí, orúkọ mi ti kúrò nínú ìbò nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ sì ti yí ilé mi ká, wọ́n ní mo pa iná ìlú. Ọmọ tí mo kọ́ ní ABD wà nínú wọn. Ó mú òkúta dání."

Ọ̀gá Dákẹ́ rán ọlọ́pàá lọ ṣọ́ ilé ìyá náà. Ó sì gba ọ́fíìsì Alága lọ.

Àwòrán kún ògiri níbẹ̀. Alága àti ẹ̀rọ ní pápá, Alága àti ẹ̀rọ ní ọjà. Láàárín wọn, àwòrán àtijọ́ kan wà tí kò ní àwọ̀: ọkùnrin gíga kan nínú aṣọ iṣẹ́ Ilé Iná.

"Dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi!" Alága na ọwọ́ sí i. "Ó ti pẹ́ jù. Ṣé ìyá yẹn ti jẹ́wọ́?"

"Rárá, Alága. Ẹ dé Ilé Iná lánàá?"

"Mo dé gbọ̀ngán lọ́sàn-án, mo wo bí wọ́n ṣe ṣe pèpéle lọ́ṣọ̀ọ́. Láti ibẹ̀, ó di ilé."

"Mànàmáná wá bá yín lálẹ́."

Alága kọ́kọ́ gbé gíláàsì omi, ó mu díẹ̀. "Ó wá. Ara rẹ̀ ò balẹ̀. O mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀."

"Ó ní wáyà wà lábẹ́ ilẹ̀."

"Wáyà kẹ̀? Kí lèmi mọ̀ nípa wáyà? Òṣèlú ni mí. Bi ìyàwó mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ gílóòbù."

"Yàrá kan wà lẹ́yìn àwọn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ débẹ̀ rí?"

"Mi ò mọ yàrá kankan. O mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ inú gbọ̀ngán. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì wá mú mi lọ."

Ọ̀gá Dákẹ́ ń wo àwòrán náà. "Wọ́n ga lóòótọ́."

"Wọ́n ga." Ohùn Alága yí padà. Fún ìgbà díẹ̀, kò jọ òṣèlú mọ́. "Tí wọ́n bá gbé mi sí èjìká, mo máa ń rò pé màá fọwọ́ kan wáyà òpó." Ó tún ohùn ṣe. "Gbé obìnrin yẹn lọ kóòtù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú ń gbóná."

Ìlú ń gbóná lóòótọ́. Nígbà tó di ọjọ́rọ̀, èrò ti kún iwájú Ilé Iná fọ́fọ́. Àwọn onímọ̀ ti dé, wọ́n rí àfọ́kù, wọ́n padà. Alága gun orí ọkọ̀, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Wọ́n ti fọ́ ìrètí yín! Àwọn tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ ríran!" Èrò ń hó. Kọ́pùrù lọ sọ ọ́ sí i létí pé ọ̀gá òun fẹ́ kó wo nǹkan kan ní gbọ̀ngán kí wọ́n tó gbé ìyá náà lọ kóòtù. Alága sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ wà nínú gbọ̀ngán, wọ́n ti gbé e wá. Mànàmáná kúnlẹ̀ ti pèpéle. Orí wáyà tó yọ láti inú ilẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohunkóhun ṣẹ́ kù tó ń ṣiṣẹ́," ni Ọ̀gá Dákẹ́ wí. "Ẹ dúró dè mí."

Ó bá ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Ó pẹ́ díẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn ilé tó wọ yàrá súìsì, tí ìpẹtà ti di àgádágodo rẹ̀ pa láti ọdún gbọọrọ. Kọ́pùrù ti já a lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngán kò mọ̀.

Ohùn Ọ̀gá Dákẹ́ ta jáde, bí ẹni pé ògiri ló ń sọ̀rọ̀.

"Mànàmáná! O ti di wáyà mú?"

"Mo ti dì í mú. Ọwọ́ méjèèjì."

"Ó dáa. Mò ń gbé súìsì sókè."

Ìyá Olùkọ́ wo òrùlé. Àwọn ọlọ́pàá wo ẹnu ọ̀nà iwájú.

"Dúró!" Alága ló kígbe. "Má gbé e! Aṣọ wà lára ẹ̀! Ènìyàn wà lórí wáyà, Dákẹ́, ènìyàn wà lórí wáyà!"

Ó ti ń sáré. Fìlà rẹ̀ já bọ́, kò wẹ̀yìn. Ó lọ tààrà sí àyè tó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù, ó fẹ̀gbẹ́ wọlé, ó yà sápá òsì nínú òkùnkùn láì fọwọ́ tá ògiri, ó gba ẹ̀yìn ògiri kúkúrú. Ọwọ́ rẹ̀ bà lé ọwọ́ Ọ̀gá Dákẹ́ lórí èèkù súìsì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Aṣọ wà lára ẹ̀," ó tún un sọ, jẹ́jẹ́.

"Ó wà lára ẹ̀," ni Ọ̀gá Dákẹ́ wí, ó tan tọ́ọ̀ṣì. "Ìwọ lo so ó. Tú u."

Alága wo aṣọ náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó tú kókó náà.

Nígbà tí wọ́n jáde, Mànàmáná ṣì di wáyà mú. Òógùn ti bò ó.

"Jù ú sílẹ̀," ni Ọ̀gá Dákẹ́ wí. "Mo ti yọ fíúsì láti àárọ̀."

"Láti àárọ̀! O ò sì sọ fún mi?"

"Ojú rẹ ò mọ irọ́ pa mọ́."

Ìyá Olùkọ́ ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbé kọ́tásì."

Ọ̀gá Dákẹ́ kò fẹ́ràn àlàyé. Ó gbìyànjú.

"Ẹni tó fọ́ ẹ̀rọ yìí lọ pa súìsì kó tó gbé irin. Bó bá jẹ́ omi ni ẹ̀rọ ń lò, kí ló ń wá lọ sídìí súìsì? Ó mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀ àti pé ó lè pa òun. Ẹ̀yin ò mọ̀, mà. Ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n wá wò gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn tó pa á, ó so aṣọ. Kò ronú kó tó so ó. Ọmọ kọ́tásì nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí Bàbá Ọlọ́dẹ, àwa mẹ́ta yìí ló kù láyé nílùú yìí. Èmi àti àwọn ọlọ́pàá mìíràn wà lójú títì títí ilẹ̀ fi mọ́, à ń ṣọ́ ìlú. Mànàmáná rí aṣọ náà, ó mọ̀ pé ó máa kó bá òun, kò sì lè fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ òun ló so ó, ì bá ti tú u. Ẹni tó so ó ò ráyè padà síbẹ̀, torí Bàbá Ọlọ́dẹ bá a lórí iṣẹ́." Ó yíjú sí Alága. "Alága sọ fún mi pé òun ò mọ yàrá náà. Ẹ rí bó ṣe rìn ín."

"Kí ló dé tó fi fọ́ ọ?" ni Kọ́pùrù béèrè.

Alága fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ti jókòó sétí pèpéle.

"Mànàmáná fẹ́ jẹ́wọ́. Bí kò bá tiẹ̀ jẹ́wọ́, wọ́n á tú u. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá tú, ẹ̀tàn ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fọ́, àwọn ènìyàn á máa sunkún rẹ̀ títí ayé, wọ́n á sì dìbò fún mi." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mi ò fẹ́ lu bàbá yẹn. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, wọ́n ní, 'Ọmọ Gíga, kí lò ń ṣe níbí?' Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ látọjọ́ tí mo ti kúrò ní kọ́tásì. Ẹ̀rù bà mí. Irin wà lọ́wọ́ mi."

Ariwo èrò ń wọlé láti ìta.

Mànàmáná dìde. Orúnkún rẹ̀ dún. "Gbohùngbohùn yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Wọ́n á sọ yín lókùúta," ni Kọ́pùrù wí.

"Jẹ́ ká lọ," ni Ìyá Olùkọ́ wí. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Màá dúró tì ẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún wọn yàtọ̀ sí èmi. Sọ ọ́ kó ṣe kedere. Má kánjú, má sì máa wolẹ̀."

Wọ́n jọ jáde. Ariwo ta sókè, lẹ́yìn náà ló rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù.

Ọ̀gá Dákẹ́ mú Alága gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò fi ankọ́ọ̀fù sí i lọ́wọ́. Kọ́pùrù sáré bá wọn nídìí ọkọ̀, ó sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ létí. Ọ̀gá Dákẹ́ mi orí pé òun gbọ́.

Ọ̀gá Dákẹ́ fúnra rẹ̀ ló wakọ̀. Ọ̀nà kúkúrú wà, kò gbà á. Ọ̀nà ibi tí kọ́tásì wà tẹ́lẹ̀ ló gbà. Ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí, kò sí ilé àtijọ́ kan tó ṣẹ́ kù. Alága fi orí ti fèrèsé, ó ń wo ìta.

"Dákẹ́. Ṣé bàbá yẹn máa yè é?"

"Wọ́n ti lajú. Kọ́pùrù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ láti ọsibítù."

"Wọ́n sọ nǹkan kan?"

Ọ̀gá Dákẹ́ dẹ ìrìn ọkọ̀.

"Wọ́n ní ọmọ yẹn sáré jáde nínú òkùnkùn. Wọ́n ń béèrè bóyá kò fara pa."